Oko Tí Wọ́n Fi Àánú Ro

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kì í fẹ́ kí ènìyàn kí yín pẹ́ kó tó sọ ohun tó gbé e wá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mi ò sí ní Ìkẹ́rẹ́ báyìí. Ilé ìwé pín wa káàkiri fún ẹ̀kọ́ ìta, kí á lọ bá àwọn àgbẹ̀ gbé, kí á sì máa kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì. Emùré ni wọ́n pín mi sí. Mo wọ mọ́tò láti Ìkẹ́rẹ́, èmi àti àwọn ìyá kan tí wọ́n gbé agbọ̀n tòmátì lé ẹsẹ̀, mo sì sọ̀ kalẹ̀ níbi tí n kò ti mọ ẹnì kankan. Ọlọ́kadà tó gbé mi wọ ìlú béèrè ilé ẹni tí mò ń lọ. Mo dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní láti pa ẹ̀rọ ọ̀kadà rẹ̀ kó tó gbọ́ mi.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ìka kan gbé àgbọ̀n mi sókè bí àlejò bá wọlé, kí n lè wo ojú rẹ̀? Kò sí ẹni tó ń bá mi ṣe é mọ́. Ilẹ̀ ni mo ṣì ń wò. Mo mọ bàtà gbogbo ènìyàn àdúgbò yìí kí n tó mọ ojú wọn. Èdè wọn náà kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ulé ni wọ́n ń pe ilé, uṣu ni wọ́n ń pe iṣu, bí wọ́n bá sì ń yára sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ni mo máa ń fi dáhùn. Bí wọ́n bá rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín síbi tí kò yẹ, wọn a tún un sọ fún mi ní Yorùbá tí wọ́n fi ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, díẹ̀díẹ̀, bíi pé etí ń dùn mí.

Ọ̀dọ̀ Màmá Táyọ̀ ni mò ń gbé. Opó ni. Àgbàdo ló ń gbìn lọ́nà Ìsẹ̀, ó ní iṣu díẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá odò. Táyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń gbé ní Èkó pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ, ó sì fẹ́ kí ìyá òun fi oko sílẹ̀, kó wá jókòó tì wọ́n. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè é lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èsì kan ni Màmá fún un níkẹyìn. Bí àgbàdo ọdún yìí bá ṣe dáadáa, òun ò lọ síbì kan. Bí kò bá ṣe dáadáa, kó wá fi mọ́tò kó òun. Mò ń fọ abọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo àgbàdo náà bíi pé èmi ni mo gbìn ín.

Ẹ mọ ìdí rẹ̀, Bàbá mi. Mo kéré nígbà tí iná ọ̀dàn jó oko yín nítòsí Ìsẹ́yìn. Ohun tí mo rántí kò ju òórùn èéfín lọ, àti bí ẹ ṣe wọlé tí ẹ fọ àdá yín, tí ẹ fi òróró pa á, tí ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn a kó lọ sí Ìbàdàn, ẹ sì di ẹni tó ń ṣọ́ géètì onígéètì. Síbẹ̀ ẹ̀ ń pọ́n àdá yẹn lọ́jọọjọ́ Sátidé, ẹ̀yin tí ẹ kò ní oko mọ́. Kí lẹ ń pọ́n ọn fún? Mi ò béèrè lọ́wọ́ yín rí. Mo kàn máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ó máa bu omi lé òkúta náà, inú mi á sì máa dùn.

Inṣọ́ránsì oko ni wọ́n ní kí n wá kọ́ wọn níbí. Ẹ kò bá a pàdé nígbà ayé yín, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bí mo ṣe ṣàlàyé fún wọn. Bí àgbẹ̀ bá ti gbìn, yóò san owó díẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan, ìjọba a sì máa bá a san nínú rẹ̀. Bí oko bá ṣe dáadáa, owó yẹn lọ nìyẹn, kò ní í gbà á padà. Ṣùgbọ́n bí ìjì, tàbí iná, tàbí omi, tàbí kòkòrò bá ba oko jẹ́, ilé iṣẹ́ náà yóò rán ènìyàn wá wò ó, wọn yóò sì fún un ní ohun tó lè fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Òfin tó le jù níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí tètè ránṣẹ́ sí wọn, kó má sì fọwọ́ kan ohunkóhun lóko títí wọn yóò fi dé. Bó ṣe bàjẹ́ gan-an ni kí wọ́n bá a.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti ń ṣe ìpàdé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúró níwájú wọn, mo di ìwé mi mú, mo ní, “Bí iná bá jó oko yín—”

“Ọlọ́run ò ní í jẹ́,” gbogbo gbọ̀ngàn ló dáhùn, wọ́n sì ta ìka yí orí wọn ká.

Mo tún gbé e gba ibòmíràn. “Bí ìjì bá wó—”

“Kò ní í wó.”

Alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀, bàbá gíga kan tí kì í bọ́ fìlà, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Alága, wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ọmọ yìí, ṣé o wá kọ́ wa ni, àbí o wá ṣépè fún wa?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe jókòó nìyẹn, n kò sì tíì parí gbólóhùn kan.

Màmá Táyọ̀ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n nílé, bí a ṣe ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní kí n má fi àjálù sí oko wọn. Mo béèrè pé oko ta ni kí n wá fi sí.

“Oko Lágbájá,” ló dáhùn. “Ẹni tí kò sí níbí.”

Bàbá mi, bí mo ṣe di olùkọ́ nìyẹn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni nǹkan ń ṣe Lágbájá. Iná jó o, ìjì wó o, kòkòrò jẹ ẹ́, odò gbé e lọ. Àwọn àgbẹ̀ Emùré jókòó, wọ́n fetí sílẹ̀, àánú rẹ̀ sì ń ṣe wọ́n. Ìyá kan béèrè bóyá ó ní ìyàwó. Bàbá kan bínú, ó ní kí ló dé tí kò kó kúrò níbi tó wà yẹn. Bàbá Alága sọ pé tí ìyà bá ti jẹ ènìyàn tó báyìí, ó yẹ kí wọ́n máa gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ òfin náà tán. Màá bi wọ́n pé kí ni Lágbájá gbọ́dọ̀ ṣe, gbogbo wọn á sì dáhùn pé kó ránṣẹ́, kó má fọwọ́ kan oko. Àwọn tó pọ̀ nínú wọn wọ inṣọ́ránsì náà, Màmá Táyọ̀ ló sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ó wù mí kí ẹ ti rí mi. Mo ti ń wo ojú wọn bí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí àgbàdo gbọmọ pọ̀n ni ìjì náà jà. Ọ̀sán ni. Ó ká páànù orílé ẹnì kan, ó gbá ewé jọ sí gbogbo ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà òjò dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Màmá gun ọ̀kadà lọ sóko. Gbogbo àgbàdo náà ti dojú bolẹ̀, síhà kan náà, bí irun tí wọ́n fi òòyà ya. Màmá dúró. Ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Mo ń retí ẹkún, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé, “Pe àwọn ènìyàn rẹ.” Mo pe ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì níbẹ̀, mo dúró sórí ebè kí fóònù lè gbé ohùn. Wọ́n ní àwọn á rán ènìyàn wá láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní láti lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lọ rí olùkọ́ wa, mo sì lọ.

Nígbà tí mo padà, ọ̀nà oko ni mo gbà. Kí n tó rí ohunkóhun, orin ni mo kọ́kọ́ gbọ́, orin àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà mo rí ilẹ̀. Ó mọ́. Bàbá mi, ó mọ́ bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Gbogbo ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ti dé láti àárọ̀ pẹ̀lú àdá àti ọkọ́, wọ́n ti gé àgbàdo tó wó, wọ́n ti kó o kúrò, wọ́n ti ń tún ilẹ̀ kọ fún Màmá. Igun kan ṣoṣo lẹ́bàá odò ló ṣẹ́ kù, torí pé iyán dé nígbà tí wọ́n fẹ́ bọ́ síbẹ̀. Wọ́n jókòó yí abọ́ ká, òógùn ń bọ́ lójú wọn, inú wọn sì dùn. Màmá wà lórí àga lábẹ́ igi obì, bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

“Olùkọ́, wá jẹun,” Bàbá Alága pè mí. “Wo uṣẹ́ tí a ṣe.”

Mo ní, “Bàbá, wọ́n ní kí a má fọwọ́ kàn án.”

“Wọ́n ní kí olóko má fọwọ́ kàn án. Ṣé a jẹ́ kó fọwọ́ kan ewé kan? Àga la gbé fún un. Àwa la ṣe é.”

“Mo fẹ́ mú ọkọ́,” Màmá sọ láti ibi tó jókòó sí, “wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi.”

Mo wo bàtà wọn. Ẹrẹ̀ ti bo gbogbo rẹ̀. Ṣé kí n rẹ́rìn-ín ni, àbí kí n sunkún? Mo wá rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn tí mo sọ fún wọn, Lágbájá kò ní aládùúgbò. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé kò fún un ní ọ̀kan, èmi náà kò sì fún un. Òun nìkan ló máa ń dúró ti oko rẹ̀ tó bàjẹ́, òun nìkan ló máa ń ránṣẹ́, òun nìkan ló máa ń dúró de èsì. Kò sí ẹni tó ń jí lọ sóko rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́. Mo sọ fún wọn pé ẹni tó ń bọ̀ fẹ́ fi ojú rí àgbàdo tó wó ni, bí kò bá rí i, kò sí ohun tó máa sọ fún àwọn tó rán an. Bàbá Alága bọ́ fìlà rẹ̀. N kò rí orí rẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ náà. Ó fá a.

Mo bi yín léèrè lọ́jọ́ yẹn nínú ọkàn mi, mo sì tún ń bi yín. Nígbà tí iná jó oko yín, ṣé wọ́n wá? Ṣé ẹ sì gbà fún wọn kí wọ́n wá? Torí ohun tí mo rí lójú Màmá lórí àga yẹn, n kò rí irú rẹ̀ lójú yín rí láti ìgbà tí a ti dé Ìbàdàn. Oko rẹ̀ ti lọ, ìrànlọ́wọ́ tó san owó sí ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ara rẹ̀ balẹ̀.

Ẹni tí ilé iṣẹ́ rán dé lọ́jọ́ kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó rẹ̀ ẹ́, ó fa aṣọ rẹ̀ sókè kí ẹrẹ̀ má bà á jẹ́.

“Oko dà?” ó béèrè.

“Ibi tí ẹ dúró sí ni,” Màmá dáhùn.

Ó wo ilẹ̀ tó mọ́ náà, ó wo ojú wa. Mo rò pé ó fẹ́ padà. Ìgbà yẹn ni Bàbá Alága di apá rẹ̀ mú, ó ní kó wá wo ebè iṣu òun. Pòròpórò àgbàdo Màmá Táyọ̀ ló fi bo orí ebè náà nítorí oòrùn. Gbogbo wọn ló ti kó lára rẹ̀ lọ fi bo ebè wọn. Wọ́n mú un lọ láti oko sí oko, ó ń fi fóònù ya àwòrán, ọmọ àgbàdo tí kò gbó ṣì so mọ́ pòròpórò náà. Ìyá kan dúró lójú ọ̀nà, ojú ń tì í. Ó ní, “Tèmi ti wà nínú ewúrẹ́. Ṣé kí n mú un wá?” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ebè. Lẹ́yìn náà ó wọn igun tí iyán kò jẹ́ kí wọ́n dé, ó bá Màmá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó lọ.

Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n san. Kò tó ti gbogbo oko. Ó tó ra irúgbìn àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì, kò tó ohun tí Màmá yóò máa jẹ títí yóò fi gbó. Táyọ̀ pè, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, òun ń wá kó o. Màmá ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kó àwọn aṣọ rẹ̀ tó dára sínú báàgì ńlá kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń lọ sóko lójoojúmọ́ bó ṣe máa ń lọ. Bí mo bá ń gbálẹ̀, mo máa ń gbá yí báàgì yẹn ká. N kò fẹ́ gbé e.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo ṣí ẹnu láti pe Lágbájá, Màmá sì dìde. “Fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀, ó ti jìyà tó,” ó sọ. “Oko mi ni kí o fi kọ́ wa.” Kò sí ẹni tó ta ìka. Mo fi oko rẹ̀ kọ́ wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo wọn sì mọ ibi tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Àríyànjiyàn tó wá bẹ́ sílẹ̀ le.

“Kí a gbọ́ pé oko ènìyàn wó, kí a wá jókòó sí ulé?” Bàbá Alága béèrè. “Èmi ò lè ṣe é. Bí ilé iṣẹ́ yín ò bá fẹ́, kó lọ.”

“Ẹ má jókòó sílé,” ni mo sọ. Ó yà mí lẹ́nu pé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. “Ẹ wá. Ṣùgbọ́n oko náà ni kí ẹ wá jókòó sí.”

“Ká kàn jókòó?”

“Ẹ jókòó tì í títí wọn yóò fi dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ilẹ̀ bó ṣe wù yín.”

Wọ́n wo ara wọn. Mo rò pé wọn ò gbà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, afẹ́fẹ́ wó ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bàbá Alága fúnra rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì kíá, wọ́n sì ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo tẹ̀ lé Màmá lọ síbẹ̀. Gbogbo wọn ló wá, gbogbo wọn ló mú àdá, torí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sóko lọ́wọ́ òfo. Wọ́n to àdá náà jọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì jókòó sórí koríko, níwájú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wó. Bàbá mi, mi ò rí ohun tó nira fún ènìyàn tó báyẹn rí. Ọwọ́ ń yún wọn. Bàbá kan nawọ́ sí odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyá tó ní ewúrẹ́ lọ́jọ́sí sì gbá ọwọ́ náà. “Fi sílẹ̀. Ṣé o fẹ́ bá Alága jà ni?” Wọ́n jẹ àkàrà. Wọ́n sọ ìtàn. Bàbá Alága ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rọra ń mi orí.

Ibẹ̀ ni fóònù Màmá ti dún. Táyọ̀ ni. Ó ti fẹ́ gbéra, ó ń béèrè bóyá ìyá òun ti múra. Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé gbogbo wa ló gbọ́.

“Mi ò ráyè o, Táyọ̀,” Màmá sọ. “A wà lẹ́nu uṣẹ́.”

“Iṣẹ́ wo, Màmá?”

“A jókòó.”

“Ẹ jókòó? Ẹ lè wá jókòó lọ́dọ̀ mi.”

“Tibí yàtọ̀,” ló dáhùn. “Wá kí mi nígbà Kérésì, kí o kó àwọn ọmọ wá. Àgbàdo á ti wà.” Ó pa fóònù, ó fi sábẹ́ ìró rẹ̀, ó sì sún kúrò lójú kan kí n lè ráyè jókòó dáadáa, torí orí òkúta ni mo ti wà láti ìgbà tí a dé.

Nǹkan bí ọ̀sán ni ọ̀dọ́mọkùnrin ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì sọ̀ lórí ọ̀kadà. Ó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílẹ̀, ọ̀kan ò yẹ̀ kúrò. Ó rí wa, a tò bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wò wá títí. Ó wá béèrè ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ní kó béèrè, pé ta ló ni oko yìí.

Gbogbo wọn ló dìde. Bàbá mi, kí n tó mọ̀, èmi náà ti dìde, ojú ọkùnrin náà ni mo sì ń wò.

Èmi ni, ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín kò tíì dín kù lọ́kàn rẹ̀ rárá.